Ojú Ìwé Oníṣirò: Ọ̀bẹ Kì í Mú Kó Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Nínú ìwé tó kọjá, mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì la ó tún máa bá bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ pé bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, ẹnìkan nínú wa lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ da owó nù kí ìwé mìíràn tó jáde.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa ló pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Sunday kan. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì fẹ́ ta fúláàtì wọn tó wà nítòsí Rye Lane kí àwọn àti ìyàwó wọn lè lọ máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn ní Kent. Ejẹ́ǹtì mẹ́ta ti wá wo ilé náà. Ẹni àkọ́kọ́ ní yóò tó £380,000, ẹnì kejì ní £395,000, ẹnì kẹta ní £450,000.

"Àbúrò, ẹni kẹta yìí ni Ọlọ́run rán sí wa," ni wọ́n wí. "Ó ti gbé ìwé sílẹ̀, ọ̀la la fẹ́ fọwọ́ sí i. Mo kàn ní kí n fi tó ẹ létí ni."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Mò ń bọ̀."

Ìyàwó mi rí mi tí mò ń wọ bàtà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó béèrè pé kí ló dé. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ lọ sọ tiyín fún wọn o. Ẹ má sọ ti ẹlòmíràn." Ó mọ ohun tó ń wí. Mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀yin náà ni mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún báyìí. Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni ará iwájú yẹn.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún 2015 ni èmi àti ìyàwó mi pinnu láti ta fúláàtì wa ní Peckham. Àwọn ọmọ ti ń ga, ẹsẹ̀ wọn ti ń yọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ ojú irin Overground ti dé Peckham Rye láti oṣù December ọdún 2012, àwọn tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Peckham sétí tẹ́lẹ̀ sì ti ń tò lórí ìlà láti wo ilé níbẹ̀. Ejẹ́ǹtì kan wá, ọmọkùnrin kan báyìí, aṣọ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ dùn. Ó jókòó nídìí tábìlì ìjẹun wa, ó mu tíì, ó ní ọbẹ̀ tó wà lórí iná ń ta sánsán. Ó gbé ìwé àdéhùn olójú ewé mẹ́rin ka iwájú mi. Ó ní kí n rọra kà á, pé kò sí ìkánjú.

Ẹ wo èmi, ẹni tó ń ka ìwé àdéhùn fún ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Ibi tí wọ́n kọ iye owó sí nìkan ni mo wò. Wọ́n kọ 2%, mo ná an títí ó fi di 1.75%, pẹ̀lú VAT lórí rẹ̀. Inú mi dùn pé mo gbọ́n. Mo fọwọ́ sí i. Mi ò dé ojú ewé kẹta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni àdéhùn wa. Àwọn èèyàn wá wò ó, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń dá lé e kò tó èyí tí a fẹ́. £365,000 ló wà lọ́kàn mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, a lọ síbi ìkómọ kan, níbẹ̀ ni ọmọ ọ̀rẹ́ mi, nọ́ọ̀sì, òun àti ọkọ rẹ̀, ti gbọ́ pé a ń ta ilé. "Àǹkù, ẹ kúkú tà á fún wa," ni ọmọ náà wí. "Kí la fẹ́ máa fún ejẹ́ǹtì lówó fún?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ejẹ́ǹtì wa kò mọ̀ wọ́n rí, kò mú wọn wolé rí. Mo ní n ó gbà £360,000 lọ́wọ́ wọn, kí £5,000 tí mo yọ jẹ́ èrè wọn nínú owó ejẹ́ǹtì tí mi ò ní san. Gbogbo wa gbá ọwọ́, a jẹ ìrẹsì, a lọ sílé.

Mo pe ejẹ́ǹtì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní a ti rí oníbàárà fúnra wa. Ó kí mi kú oríire. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn jẹ́jẹ́ ní kí n má gbàgbé láti rán lọ́yà mi létí owó tiwọn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, owó kí ni?

Ọjọ́ kẹta tí àwọn lọ́yà ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn ni ìwé owó dé: £6,300, VAT rẹ̀ £1,260, àròpọ̀ £7,560. Mo fò dìde, mo wá ìwé àdéhùn wa jáde. Ó wà níbẹ̀, ní ojú ewé kẹta, kedere bí ojú ọ̀sán: "sole selling rights". Ìtumọ̀ rẹ̀ tí òfin là sílẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀: bí wọ́n bá ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé láàárín àkókò àdéhùn, owó wọn ti pé, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn ló rí oníbàárà, ì báà jẹ́ onílé fúnra rẹ̀. Mo san án. Bí mo bá fi £5,000 tí mo yọ fún àwọn ọmọ kún un, £12,560 ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Oníṣirò ni mí, mo mọ bí a ti ń ro owó pọ̀.

Èyí tó dùn mí ju owó lọ wà ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀rẹ́ mi. Ó wá sílé pẹ̀lú àpòòwé, £2,500 wà nínú rẹ̀. Ó ní kí a pín àdánù náà. Mo kọ̀ ọ́. Ìyàwó mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa wí pé a ta ilé fún ọmọ tán, a tún ń gba owó lẹ́yìn?" Ọ̀rẹ́ mi mú àpòòwé rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ojú tì í, ojú sì ti èmi náà. Ó tó ọdún kan kí a tó tún lè bá ara wa ṣàwàdà bíi tàtijọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi wá kù. Ní gbogbo ibi àríyá tí mo bá dé lẹ́yìn ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ ilé bá délẹ̀, èmi ni mo máa ń sọ pé olè ni ejẹ́ǹtì wa. Mo sọ ọ́ títí ó fi di orin. Irọ́ ni, ẹ̀yin ará wa. Ọmọkùnrin yẹn kò jí nǹkan kan. Ó gbé ìwé sílẹ̀, ó ní kí n kà á, ó rán mi létí lórí fóònù. Èmi ni mi ò kàwé. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ a máa lè wo èkù náà kí ó tó wọ inú rẹ̀.

ORÚKỌ MẸ́TA LÓRÍ ÌWÉ

Láti ọdún 1991 ni òfin ilẹ̀ yìí ti pàṣẹ pé, bí ejẹ́ǹtì bá lo àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ ìtumọ̀ wọn síbẹ̀. Ẹ fi gègé fa ìlà sí ìdí wọn bí ẹ bá ti rí wọn.

Èkíní ni "sole selling rights", èyí tó mú mi. Ẹnikẹ́ni tí ì báà ra ilé náà láàárín àkókò yẹn, ẹ ó sanwó. Ìyá yín ì báà rà á, ẹ ó sanwó.

Èkejì ni "sole agency". Èyí sàn. Bí ejẹ́ǹtì yẹn tàbí ejẹ́ǹtì mìíràn bá mú oníbàárà wá láàárín àkókò náà, owó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin fúnra yín bá rí ẹni tó máa rà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí tàbí níbi ìkómọ, tí ejẹ́ǹtì kò bá a sọ̀rọ̀ rí, ẹ kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ká ní ọ̀rọ̀ yìí ló wà nínú ìwé mi ni, £7,560 ì bá wà nílé.

Ẹ̀kẹta ni "ready, willing and able purchaser". Ẹ ṣọ́ra fún eléyìí gidigidi. Ó túmọ̀ sí pé bí ejẹ́ǹtì bá ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, tó sì lágbára láti rà á, ẹ jẹ owó, kódà bí ẹ bá yí ọkàn padà tí ẹ kò ta ilé mọ́. Tí àìsàn bá dé, tí ọmọ bá ní òun ń padà bọ̀ wálé, tí ilé tí ẹ̀yin náà fẹ́ rà bá bọ́, owó wọn ṣì ń lọ. Ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Wọ́n á pa á rẹ́ bí ẹ bá dúró lórí ọ̀rọ̀ yín.

Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ kan tó ran àwọn onílé lọ́wọ́. Ejẹ́ǹtì kan mú obìnrin kan wo ilé, obìnrin náà kò rà á nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ó tún wá gba ọ̀dọ̀ ejẹ́ǹtì mìíràn rà á. Ejẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ní òun lòun kọ́kọ́ fi ilé hàn án, kí wọ́n san owó òun. Ilé ẹjọ́ ní rárá, fífi ilé hàn lásán kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló mú ẹni náà wá sínú ríra ilé náà. Nítorí náà, bí ejẹ́ǹtì méjì bá ń gba owó lọ́wọ́ yín lórí ilé kan ṣoṣo, ẹ má sáré san méjèèjì. Ẹ gbé ìwé lọ bá lọ́yà.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Láti oṣù June ọdún 2014, bí ẹ bá fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ mẹ́rìnlá wà fún yín láti yí i padà. Bí ẹ bá ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ san owó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Nídìí tábìlì mi ni mo ti fọwọ́ sí tèmi. Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ni mo ní láti fi ka ojú ewé kan.

TA NI EJẸ́ǸTÌ Ń ṢIṢẸ́ FÚN?

Ní Èkó, ẹni tó ń wá ilé gan-an ló ń gbé owó ejẹ́ǹtì àti owó àgíríìmẹ́ǹtì kalẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa rò pé ejẹ́ǹtì tó ń mú wa wo ilé níhìn-ín jẹ́ tiwa. Rárá o. Ẹni tó ń ta ilé ló gbà á síṣẹ́, òun ló sì ń san owó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má bá ejẹ́ǹtì sọ pé, "A lè san tó £420,000 bí ó bá le." Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ń tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Àwọn àgbà ní alágbàtà ní ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Lórí ọjà ilé, ó lè yí padà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí owó ilé yín bá fi £10,000 lé sí i, ejẹ́ǹtì tó ń gba 1.75% yóò rí £175 nínú rẹ̀ kí a tó fi VAT kún un. Ìyókù jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin lè fi oṣù méjì dúró de £10,000. Ta ni yóò fi oṣù méjì dúró de £175? Òun fẹ́ kí ilé náà tètè tà kí ó kọjú sí òmíràn. Nítorí náà, bí ó bá ní kí ẹ gba iye àkọ́kọ́ tó dé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ sùn lórí rẹ̀ ná.

Ẹni tó dá £450,000 lé ilé Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Àwọn kan a máa pe iye tó ga kí wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kù. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, wọ́n á ní ọjà ti rọ̀, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá pe iye pé, "Irú ilé wa wo ni ẹ ti tà ní iye yẹn ní àdúgbò yìí?" Kí ẹ sì wò ó fúnra yín. Iye tí wọ́n ta ilé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ yìí wà ní Land Registry, ọ̀fẹ́ ni láti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ojú yín kò bá ríran mọ́, ọmọ ọmọ yín yóò bá yín wò ó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Òfin ní ohun tó sọ fún ejẹ́ǹtì o. Ó gbọ́dọ̀ tètè kọ ìwé sí onílé lórí gbogbo iye tí ẹnikẹ́ni bá dá lé ilé náà. Kò gbọ́dọ̀ fi ẹnì kan sẹ́yìn nítorí pé kò gba mọ́géèjì lọ́dọ̀ wọn. Bí òun tàbí ẹbí rẹ̀ bá fẹ́ ra ilé náà, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún onílé. Títí di ìsinsìnyí kò sí ìwé àṣẹ tí ejẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà ní England kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n láti ọdún 2008 ó di dandan fún un láti wà lábẹ́ ẹgbẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, bíi The Property Ombudsman. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá láìsí ìdáhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Kí a má gbàgbé èyí pẹ̀lú: ní England, gbígbá ọwọ́ kò ta ilé. Títí àwọn lọ́yà yóò fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn, oníkálukú lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Onílé lè gba owó tó ju tiyín lọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, oníbàárà náà lè já a sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nítorí náà, ẹ má tíì ra kọ́tìnì, ẹ má sì pe alásè ìṣílé.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́ RÀ

Ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ní fún yín.

Àkọ́kọ́ ni owó àjọ. Kí òfin ọdún 1968 tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ torí àwọ̀ lé èèyàn kúrò nídìí ilé, àwọn tó ṣáájú wa sí ìlú yìí rí ojú. Ọ̀pọ̀ ilé owó ni kò yá wọn lówó. Èsúsú ni àwọn kan nínú wa fi kó owó jọ, bí àwọn ará Jàmáíkà ti ń fi "pardner" tiwọn ṣe é. Àjọ dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bú yín. Ṣùgbọ́n lónìí, lábẹ́ òfin ọdún 2017 lórí owó àìmọ́, lọ́yà yín gbọ́dọ̀ mọ ibi tí owó ti wá. Bí £15,000 bá ṣàdédé wọ báńkì yín ní ọjọ́ kan, tí ẹ kò lè ṣàlàyé rẹ̀, iṣẹ́ yóò dúró, ẹlòmíràn sì lè ti ra ilé náà kí ẹ tó ríwèé. Ẹ gba owó àjọ láti báńkì dé báńkì. Ẹ pa ìwé àjọ mọ́, orúkọ, oṣù, àti iye. Ẹ ní kí olórí àjọ kọ lẹ́tà kí ó sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ òbí ló fún yín lówó, kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe yíyá, kí wọ́n sì fi ìwé báńkì tiwọn hàn.

Èkejì ni ilé tí a ti kọ́ sílé. Owó orí ìrà-ilé tí à ń pè ní stamp duty kì í wo England nìkan. Ẹ wo ilé £450,000, ní iye tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù April ọdún 2025. Ẹni tí kò ní ilé rí yóò san £7,500. Ẹni tó ti ní ilé rí, tó ta èyí tó ń gbé láti ra òmíràn, yóò san £12,500. Ẹni tí yóò ní ilé mìíràn lẹ́yìn èyí, tí kò sì ta èyí tó ń gbé, yóò san £35,000. Ilé tí ẹ kọ́ sí Ìjẹ̀bú tàbí sí Ìbàdàn, tí ìwé rẹ̀ wà ní orúkọ yín, wà nínú ìṣirò yìí bí ìpín yín nínú rẹ̀ bá tó £40,000. Ọ̀pọ̀ wa ló ń rò pé ìjọba ibí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó fọwọ́ sí ìwé pé òtítọ́ lẹ sọ. Ẹ sọ ọ́ fún lọ́yà kí ẹ tó dá iye lé ilé, kí £22,500 má baà já lù yín nígbà tí ẹ ti kó ẹrù sínú páálí.

BÍ Ó BÁ JẸ́ FÚLÁÀTÌ KÁŃSÙ

Púpọ̀ nínú wa ní Peckham ló ra fúláàtì lọ́wọ́ káńsù lábẹ́ òfin ọdún 1980 tí Thatcher gbé wá. Bí ẹ bá tà á kí ọdún márùn-ún tó pé, káńsù lè gba apá kan nínú ẹ̀dínwó tí wọ́n ṣe fún yín padà. Bí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá, káńsù lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lọ̀. Ẹ tún ka iye ọdún tó kù lórí líìsì yín. Bí ó bá ti sún mọ́ 80, ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó pe ejẹ́ǹtì, nítorí fífi ọdún kún un máa ń wọ́n gan-an bí ó bá ti lọ sísàlẹ̀ 80. Òfin ọdún 2024 ní yóò mú ìyẹn rọrùn. Ẹ béèrè bóyá apá yẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ẹ sì wá gbogbo lẹ́tà tí káńsù ti kọ sí yín lórí àtúnṣe òrùlé tàbí ẹ̀rọ agbérasókè jáde. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò béèrè wọn dandan. Lẹ́tà tí ẹ kì bọ àpótí lónìí ló máa ń da ọjà rú lọ́la.

IBI TÍ Ẹ̀GBỌ́N BÁ A DÉ

A ka ìwé ejẹ́ǹtì kẹta yẹn pọ̀, Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó wọn, àti èmi, láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. "Sole selling rights" wà ńbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ogún ni wọ́n kọ. Ìyàwó wọn tí kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣebí ọmọ àbúrò mi wà tó ní òun lè rà á?" A wo ara wa. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì, tí ọmọ náà sì rà á, ọ̀nà tí mo gbà ni wọn ì bá gbà.

Ẹ̀gbọ́n kò fọwọ́ sí i. Wọ́n wo iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń tà ní àdúgbò, wọ́n sì padà sọ́dọ̀ ejẹ́ǹtì kejì, ẹni £395,000. Wọ́n ní "sole agency" làwọn fẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ àbúrò ìyàwó wọn sínú ìwé pé kò sí owó kankan lórí rẹ̀ bí ó bá rà á. Wọ́n jiyàn díẹ̀, wọ́n gbà. Ilé náà kò tíì tà bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Ó lè tà, ó lè má tà. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí.

Èmi náà ti pe ọ̀rẹ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo sọ fún un pé mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ wa sínú ìwé ẹgbẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ pé ìwọ lo kọ àpòòwé mi o." Mo ti kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ìwé ejẹ́ǹtì wà nílé yín báyìí, ẹ gbé e wá síbi ìpàdé wa. N ó wà níbẹ̀ láàbọ̀ wákàtí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, a ó jọ kà á, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé tí a fi òógùn kọ́ di ohun tí a fi ẹkún tà. Àṣẹ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníṣirò yín